Kànga Tí Mo Yà sí Àgbàlá Àwọn Àna Mi

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń yọ kúrò nínú àwòrán ni wáyà iná. Lẹ́yìn rẹ̀ ni páànù, tí màá fi koríko bẹẹrẹ bò. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn nǹkan kéékèèké tí ojú kì í tètè rí: ike omi, bàtà rọ́bà tí ẹnìkan gbàgbé sẹ́nu ọ̀nà, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri. Bí mo bá ti kó gbogbo rẹ̀ kúrò tán, ilé náà á dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn àtijọ́ wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì ni mo kọ́ iṣẹ́ yìí, lórí kọ̀ǹpútà àlòkù kan tí ọmọbìnrin mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Cotonou. Ìtàn ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní Tchaourou, ìwé tí a sì fi ń kọ́ wọn kò ní àwòrán ilé wa kankan nínú. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà ní ìlú náà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ sí ọjà iṣu, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n sọ fún mi bó ṣe rí nígbà tí èrò ṣì ń wọkọ̀ níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n á máa wò mí. Nígbà tí ọwọ́ mi wá dilẹ̀, mo ya ibùdó náà ní fọ́tò. Mo pa koríko tó hù láàárín irin rẹ́, mo kó àwọn aláàárù síbẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n iṣu lórí wọn, mo fi èéfín díẹ̀ sí ojú ọ̀run, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ di aláwọ̀ ilẹ̀ bíi fọ́tò tó ti pẹ́ nínú àpótí. Ní igun ìsàlẹ̀ mo kọ ọ́ pé: Àfọwọ́ṣe ni. N kò fi àwòrán kankan sílẹ̀ láìkọ ọ́ sí i rí, àfi ẹyọ kan.

Ìyàwó mi kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́. Iṣu ni òun ń tà. Bó bá dé láti ọjà, á gba ẹ̀yìn àga mi kọjá, á ní, "Mẹ́tìrì, ẹ̀yin àti àwọn òkú yín. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, torí oúnjẹ tiyín ti ń tutù." Mẹ́tìrì ni gbogbo ìlú ń pe olùkọ́. Òun náà ń pè mí bẹ́ẹ̀ bó bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló máa ń rí àṣìṣe mi. Ó wo àwọn aláàárù mi níjọ́ kan, ó rí i pé òjìji ẹnìkan ṣubú sí ọ̀tún, ti ẹnìkejì ṣubú sí òsì, ó bi mí pé oòrùn mélòó ló ń ràn ní ayé ìgbà yẹn. Níjọ́ mìíràn ó ní iṣu tuntun ni mo kó sínú agbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo koríko tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló ń wa iṣu tuntun nínú ọyẹ́? Mo tún un ṣe. Ọjọ́ méjì ló gbà mí.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí tó ti kú. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí ìyẹn. Àìsàn náà kò pẹ́, àwọn dókítà ní Parakou sì ṣe ohun tí agbára wọn ká.

Fọ́tò tí mo yà á gbẹ̀yìn wà nínú fóònù mi. Ọjọ́ tí wọ́n ní kí a máa lọ sílé láti ilé ìwòsàn ni. A ti kọjá Tchatchou nígbà tó sọ pé òun kò fẹ́ lọ tààrà sí ilé, kí a kọ́kọ́ yà sí Goro kí òun kí ìyá òun. Ó dúró síwájú ilé bàbá-bàbá ìyá rẹ̀, ilé alámọ̀ ńlá kan tí ògiri rẹ̀ nípọn tó apá, tí ìyá rẹ̀ ṣì ń gbé. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ súwẹ́tà ló wọ̀, torí òtútù ń mú un. Wọ́n lẹ owú àti pílásítà funfun mọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fa omi sí i lára. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Alùpùpù pupa àbúrò rẹ̀ wà lápá òsì, oòrùn sì wà lẹ́yìn mi, tó fi jẹ́ pé òjìji mi nà sílẹ̀ títí dé ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń sọ fún mi ni pé kí n ṣe kíá, pé òun kì í ṣe ilé àtijọ́.

N kò lè wo fọ́tò yẹn. N kò sì lè pa á rẹ́. Mo wá ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe: mo gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà.

Òjìji mi ni mo kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo yọ owú ọwọ́ rẹ̀, mo fi awọ ara tó dán bò ó. Mo bọ́ súwẹ́tà náà, mo ró kíjìpá mọ́ ọn láyà bí àwọn obìnrin ìgbà náà ṣe ń ró o. Mo fi ẹran díẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ká páànù, mo dá koríko padà sórí ilé. Alùpùpù náà ló dà mí láàmú jù, torí irin rẹ̀ ń dán láti abẹ́ gbogbo ohun tí mo bá fi bò ó. Níkẹyìn mo mú kànga kan láti inú fọ́tò mìíràn tí mo yà ní abúlé kan, kànga tí wọ́n fi òkúta yí ẹnu rẹ̀ ká, pẹ̀lú okùn àti akèrègbè, mo sì gbé e lé alùpùpù náà lórí. Ó bò ó tán pátápátá. Ọ̀sán mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Nígbà tí mo parí, ìyàwó mi dúró síwájú ilé náà, ní ayé tí wọn kò tíì bí i, ara rẹ̀ sì le. N kò kọ ohunkóhun sí igun rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ṣe é fún.

Ọmọbìnrin mi pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà láti béèrè àlàáfíà mi. Dípò kí n dáhùn, mo fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí i. Ó sunkún díẹ̀ lórí fóònù, kò sì bi mí ní ìbéèrè. Ó fi í sí ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ àti mọ̀lẹ́bí ti lè rí i lórí fóònù rẹ̀, láìkọ nǹkan kan sí i, bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣe. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tó fi dé Goro.

Mo ní láti sọ ohun kan nípa ìdílé ìyàwó mi níbí. Ìyá rẹ̀ kò mọ ìyá tirẹ̀. Obìnrin náà kú nígbà tí wọn kò tíì já ọmọ lẹ́nu ọmú, kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n wá bí ìyàwó mi, àwọn àgbà ilé wò ó, wọ́n ní ìyá ti padà dé. Láti ọjọ́ náà ni ìyá àna mi ti ń pe ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ní "Ìyá mi". Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń lọ síbẹ̀ láti wá ojú ọmọ wọn, ẹnu yà mí bí mo ṣe gbọ́ tí àgbàlagbà ń sọ fún ọmọge pé, "Ìyá mi, ẹ wá jẹun." Mùsùlùmí ni wọ́n. Àbúrò ìyàwó mi ọkùnrin, tó ń dáko iṣu àti kajú níbẹ̀, kì í pa ìrun kan jẹ. Ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ìpadàwá yẹn kò sí nínú ẹ̀sìn. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórúkọ rí.

Nítorí náà, nígbà tí àwòrán náà dé orí fóònù rẹ̀, ohun tó rí ni obìnrin kan nínú kíjìpá, níwájú ilé bàbá wọn àgbà, tó ní ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Níbòmíràn, ojú yẹn ni ì bá tú àṣírí mi. Wọn ì bá ní, ẹ̀gbọ́n wa nìyí, ta ló ṣe é báyìí? Ní Goro, ojú yẹn gan-an ni ẹ̀rí.

Ó pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní wọ́n ti rí àwòrán ìyá àgbà, pé ó ní láti jẹ́ pé òyìnbó kan ló yà á nígbà náà tí wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e jáde láti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ó ní kí n wo ojú yẹn, àwọn àgbà kò parọ́. Mo la ẹnu mi láti sọ̀rọ̀. Ó wá ní ìyá òun ti ń wò ó láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́, kò tíì jẹun, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé pé ẹ̀rín ìyá òun rèé.

"Mo gbọ́," mo ní.

N kò sọ ju ìyẹn lọ. Mo ti rò ó títí láti ìgbà náà. "Mo gbọ́" tí mo sọ yẹn kì í ṣe irọ́, kò sì jẹ́ òótọ́.

Ó ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èmi ni mo mọ̀ nípa fọ́tò àtijọ́, kí n jọ̀wọ́ bá wọn sọ ọ́ di ńlá kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri. Mo ṣe ìyẹn náà. Mo fi férémù sí i, mo gbé e lé itan lórí alùpùpù títí dé Goro. Ojú ìyá àna mi kan ti fọ́, ìkejì kò sì ríran jìnnà, ó gbé àwòrán náà sún mọ́ ojú tí imú rẹ̀ fi kan gíláàsì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní láti ìgbà tí òun ti dáyé, bí àwọn ẹgbẹ́ òun bá ń sọ pé àwọn jọ ìyá àwọn, òun kì í ní ohun tí òun lè sọ. Bàbá arúgbó kan nínú agbo ilé náà wá sọ pé òun rántí ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò yẹn dáadáa: òyìnbó náà gbé ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan kalẹ̀, ó fi aṣọ dúdú bo orí, wọ́n sì ní kí òun lé àwọn ewúrẹ́ kúrò níwájú ilé. Gbogbo wọn sún mọ́ ọn, wọ́n ń gbọ́. Èmi tí mo fi ìtàn jẹun, èmi náà jókòó, mo ń gbọ́.

Mo sọ fún ara mi pé bí ààwẹ̀ bá parí, màá sọ fún wọn. Ààwẹ̀ parí. Mo ní kí wọ́n kó kajú wọn tán. Ó ti rẹ̀ mí nígbà náà, mo sì jẹ́ kí àárẹ̀ náà jẹ́ àwáwí mi.

Kànga ni kò jẹ́ kí n rí ibi sá sí. Omi jìnnà sí wọn lẹ́ẹ̀rùn, àwọn obìnrin ilé náà ń jí kùtùkùtù lọ tò síbi ẹ̀rọ omi tó wà lódìkejì abúlé. Àbúrò ìyàwó mi pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan. Kò pè láti béèrè, ó pè láti fún mi ní ìròyìn ayọ̀. Ó ní bí òun ṣe ń wo àwòrán ìyá àgbà lójoojúmọ́, ọkàn òun ló sọ fún òun: bàbá àgbà ní kànga! Wọ́n kàn dí i ni. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹ, òun àti ọkùnrin méjì, ó sì ti jìn ju ènìyàn lọ.

Mo wá ọlọ́kọ̀ alùpùpù kan níwájú ọjà, mo ní kó gbé mi lọ sí Goro. N kò bá a dúnàádúrà.

Ibi tí alùpùpù pupa àbúrò ìyàwó mi wà gẹ́lẹ́ nínú fọ́tò ni ihò náà wà. Wọ́n ti kó erùpẹ̀ pupa jọ bí òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá àna mi jókòó lórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń rí férémù náà lára ògiri. Àbúrò ìyàwó mi sáré pàdé mi, amọ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó ní mo dé lásìkò, ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ sọ láti inú ihò pé bí àwọn kò bá tilẹ̀ kan omi, ó dájú pé àwọn yóò kan bàbá àgbà fúnra rẹ̀, kí àwọn bá a kí i? Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó sọ fún wọn kí wọ́n jáde. Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ti to ọ̀rọ̀ dáadáa lójú ọ̀nà, gbólóhùn lórí gbólóhùn, ṣùgbọ́n ìkankan kò wá.

"Kò sí kànga níbẹ̀ rí," mo ní. "Alùpùpù rẹ ló wà níbẹ̀."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí ibà ń ṣe. Mo wá ṣàlàyé fún un díẹ̀díẹ̀ bíi pé nínú kíláàsì ni a wà, bí mo ṣe ń yọ nǹkan, bí mo ṣe ń fi nǹkan sí i. Ó béèrè pé alùpùpù wo. Mo ní èyí pupa, èyí tó tà lẹ́yìn ìsìnkú. Ojú rẹ̀ yí lọ sí ihò náà, ó yí padà sọ́dọ̀ mi, mo sì rí i pé ó ti rántí ọjọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi ha amọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kejì ti wá.

"Bí kò bá sí kànga," ìyá àna mi ní, "obìnrin náà ńkọ́?"

Mo lọ síwájú rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Kì í tètè ṣeé ṣe fún mi mọ́, eékún mi kò gbà. Mo fi ojú sílẹ̀ kí n tó dáhùn.

"Ọmọ yín ni, Ìyá."

Kò pariwo. Ó ní kí wọ́n gbé e wá fún òun. Àbúrò ìyàwó mi yọ ọ́ lára ògiri, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa gíláàsì náà lórí ibi tí ojú wà, ó ṣe é pẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀, láìwò mí.

"Mo ti gbà pé n kò ní rí i. Láti kékeré ni mo ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wá fi í hàn mí, ẹ̀yin náà lẹ sì wá gbà á padà."

Mo ní kí wọ́n forí jì mí. Ó ní òun kò tíì débẹ̀. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni mo ya ọmọ òun. Mo sọ ọ́. Ó ní òun mọ ọjọ́ náà, òun se ẹ̀wà fún un, ṣíbí mẹ́ta péré ló jẹ. Ó ní súwẹ́tà ló wọ̀ lọ́jọ́ náà.

"Súwẹ́tà rẹ̀ dà?"

Mo ní mo yọ ọ́ ni.

"Ẹ bọ́ aṣọ òkú yìí kúrò lára ọmọ mi," ó ní. "Ẹ dá a padà fún mi bó ṣe wà."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé ojú ọ̀nà títì kí n tó wá ọkọ̀. Bàbá arúgbó tó rántí òyìnbó náà jókòó lábẹ́ igi kajú kan, wọ́n ti sọ fún un kí n tó kọjá. Ó kí mi dáadáa. Ó ní òyìnbó náà wá o, fọ́tò mìíràn ló yà.

Bí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí bá ń ṣe é, kì í kọ ohun tuntun lé ojú àwòrán gan-an. Ńṣe là ń tò ó lé e lórí bí ìgbà tí a bá to ewé lé ewé, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá wà síbẹ̀ láìyí padà. Ohun tí mo ní láti ṣe kò ju kí n máa ká wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ká kànga, alùpùpù yọ. Mo ká koríko, páànù yọ, wáyà iná yọ. Mo ká ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí mo fi kún un. Mo dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, mo ń wá iṣẹ́ mìíràn ṣe nínú ilé. Lẹ́yìn náà mo ká kíjìpá, mo ká awọ tí mo fi bo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó kù ni òjìji mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe ni mo ká gbẹ̀yìn.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. N kò mọ̀ pé mo ti gbàgbé bó ṣe gbẹ tó. Gbogbo ọ̀sán tí mo fi tún un ṣe wọ̀nyẹn, kì í ṣe ìtàn ni mo ń kọ. Mo kàn ń wá ọ̀nà tí màá fi wò ó tí n kò fi ní rí i.

Mo gbé e lọ sí Goro ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Wọn kò tíì dí ihò náà. Wọ́n fi pákó bo ẹnu rẹ̀ nítorí àwọn ewúrẹ́. Àbúrò ìyàwó mi kí mi, ó gbé àga fún mi, kò sì jókòó tì mí. N kò dá a lẹ́bi.

Ìyá àna mi gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀ bó ṣe gbé ti àkọ́kọ́. Ó wá súwẹ́tà náà rí. Ó fi ìka wá ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi kan owú funfun náà, ó ní, "Ibí ni wọ́n ti ń gún un." Ó tún ní, bí ẹni tó ń bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sọ̀rọ̀, "Ìyá mi, ẹ kú ìrìn."

Lẹ́yìn náà ìka rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àwòrán, ó dúró sórí ohun dúdú tó nà sílẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Ó bi mí pé kí nìyẹn.

"Òjìji ni, Ìyá. Tèmi ni. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè yọ ọ́."

Ó rò ó wò.

"Rárá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

Ó pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé kó gbé e kọ́. Ìṣó ti àkọ́kọ́ ṣì wà lára ògiri.